Horo Ìmọ́lẹ̀ Kan, Lẹ́tà Mẹ́rin

Ọdún keje rèé tí a ti ń pe àbúrò mi ní Dókítà nílé, oyè ọ̀fẹ́. Òní ni oyè gidi yóò tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, bí Ọ̀gá Olùdánwò bá fọwọ́ sí i. Bí kò bá fọwọ́ sí i, kó di ẹrù rẹ̀ kó máa bọ̀ nílé nìyẹn.

Àbúrò mi ní òun lè fi horo ìmọ́lẹ̀ kan ṣoṣo, èyí tó kéré jù lọ nínú ìmọ́lẹ̀, rán èyíkéyìí nínú lẹ́tà mẹ́rin, kí ẹni tó gbà á sì mọ̀ ọ́n. Àwọn àgbà ìmọ̀ ní kò ṣeé ṣe: nínú ogún, onítọ̀hún kò ní mọ̀ ju bíi mẹ́wàá lọ.

Èmi ni mò ń gbà á. Méjìdínlógún ni mo máa ń mọ̀.

Yàrá kejì ló ti ń rán an. Lẹ́tà méjì jẹ́ ti ṣánṣán, tí ìmọ́lẹ̀ dúró gangan, méjì jẹ́ ti fífì, tó fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, n ó sì yan bí dígí mi yóò ṣe dúró kí ìmọ́lẹ̀ tó dé. Bí mo bá ṣì í yàn, ó bàjẹ́ nìyẹn, kò sí àtúnwọ̀n. Ọwọ́ mi kì í sábà ṣì í. Àbúrò mi ní iṣẹ́ dígí tuntun òun ni.

Lónìí, Ọ̀gá Olùdánwò jókòó tì mí, ó ń kọ èsì sínú ìwé. A rán mẹ́sàn-án, mo mọ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán. Ọ̀gá ní òtútù ń mú òun, ó pa ẹ̀rọ amúlétutù. Yàrá pa lọ́lọ́. Ìgbà náà ni mo gbọ́ ọ lẹ́yìn ògiri: ẹ̀rọ tó ń yí dígí àbúrò mi ń kùn, kùn gígùn fún fífì, kùn kúkúrú fún ṣánṣán. Ọwọ́ mi ti yí dígí mi tẹ̀lé kùn náà kí n tó ronú.

Mo gbé. Etí mi ló ti ń jalè, mi ò mọ̀.

Kò sẹ́ni tó mọ̀ àfi èmi, mo sì lè panu mọ́. Wọ́n ní òtítọ́ korò, ṣùgbọ́n wọn kì í sọ fún èèyàn pé ẹnu ọmọ ìyá rẹ̀ ló máa fi í sí.

"Sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká tún un bẹ̀rẹ̀," mo ní. Mo fi òwú tí a fi ń nu dígí dí etí mi méjèèjì.

Nínú ogún, mẹ́sàn-án ni mo mọ̀.

Àbúrò mi rẹ́rìn-ín wọlé. Ó rí ìwé èsì lọ́wọ́ Ọ̀gá, ó rí òwú létí mi.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ ṣe?"

"Mò ń gbọ́ ẹ̀rọ rẹ láti ẹ̀yìn ògiri. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀, Ọlọ́run gbọ́."

Ó wo ògiri náà títí.

"Ẹ kọ mẹ́sàn-án sílẹ̀, sà," ó sọ fún Ọ̀gá.

Mo nawọ́ láti dì í mú. Ó yẹra fún mi, ó lọ pa ẹ̀rọ rẹ̀.