Àmìwọ̀ Agolo Mẹ́wàá

Gbogbo Badagry ló mọ̀ pé bí èmi Síráàjù bá sọ pé mẹ́wàá, ọ̀kan ni. Mo ní ẹja kan fa ọkọ̀ ojú omi wa dé Àjàṣẹ́ lódìkejì ààlà, wọ́n ní ẹja náà kò ju àtàǹpàkò lọ. Lọ́dún tí owó epo rọ̀bì ń ṣàn, tí wọ́n ń la títì márosẹ̀ gba Aradagun, èmi ni mo ń se oúnjẹ fún àwọn lébìrà. Mo ní ẹgbàá ènìyàn ni wọ́n, àwọn ará ilé wa ní igba ni. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ ọ́ dòfin: "Ohun tí Síráàjù bá kà, ẹ pín in sí ọ̀nà mẹ́wàá kí ẹ tó gbà á." Mo rẹ́rìn-ín títí eyín mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́.

Ọjọ́ tí ìyá ọkọ àbúrò mi ń bọ̀ ni ẹ̀rín náà gbẹ.

Tọ̀yìbátù, àbúrò mi, kò tíì ju oṣù méjì lọ nílé Zinsu, ọmọ Ègùn. Ìyá Zinsu ránṣẹ́ láti Àjàṣẹ́ pé òun àti àwọn àgbà obìnrin méje ń bọ̀ wá jẹ àmìwọ̀, òkèlè àgbàdo àwọn Ègùn, lọ́wọ́ ìyàwó. Kí ìyàwó di ẹrù rẹ̀ sílẹ̀ de àwọn o. Bí kò bá mọ̀ ọ́n sè, Àjàṣẹ́ ni yóò bá wọn lọ, kó lọ jókòó ti ààrò wọn fún ọdún kan gbáko. Oníṣòwò Mùsùlùmí ni wá nílé tiwa, ẹ̀bà àti ìrẹsì la mọ̀. Èmi nìkan ló kọ́ àmìwọ̀, lọ́dọ̀ àwọn lébìrà Ègùn. Lẹ́yìn ìrun àsùbáà ọjọ́ tí wọ́n ń bọ̀, Tọ̀yìbátù ti dúró sẹ́nu ọ̀nà mi, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣeré lónìí. Èyí tó yá ni kí ẹ kọ́ mi."

"Kí o tó tutọ́ mẹ́ta, ó ti jinná! Gbé epo pupa kaná, ju àlùbọ́sà sí i, da ata àti tòmátò lílọ̀ lé e. Bó bá ti dín, omi tí o fi bọ ẹja, agolo mílíìkì ogún. Bu díẹ̀ nínú ọbẹ̀ náà sápá kan. Ìyẹ̀fun àgbàdo, agolo mẹ́wàá. Fi omi tútù po díẹ̀ nínú rẹ̀ kó má baà ṣe kókó, dà á sí i, kí o máa da ìyókù díẹ̀díẹ̀, kí o máa rò ó bí ẹni ń bá ọ̀tá jà. Ẹja dídín mẹ́wàá lórí rẹ̀, pẹ̀lú ọbẹ̀ tí o bù sápá kan. Ó parí."

Mo gun kẹ̀kẹ́ mi, ó di Aradagun. Òtítọ́ pọ́ńbélé ni mo sọ fún un. Òun gan-an ló kó bá mi.

Nígbà tí oòrùn gòkè, mo ní kí Ìyá Dosi, tí a jọ ń dáná, da ogún kóńgò ìrẹsì sínú ìkòkò. Mo yọjú wò ó, ìrẹsì náà kò bo ìdí ìkòkò.

"Kí lèyí?"

"Kóńgò méjì ni. O wí ogún, mo pín in. Ṣé èmi ni o fẹ́ tàn, Síráàjù?"

Àyà mi já, ìró rẹ̀ dé etíkun. Tọ̀yìbátù!

"Ẹ da méjìdínlógún sí i!" Mo ti wà lórí kẹ̀kẹ́ kí n tó wí i tán. Mo wa kẹ̀kẹ́ débi pé òjìji mi sọnù sẹ́yìn, igi àgbọn ń yà fún mi lọ́nà. Ṣéènì já lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo wí, ẹ má pín in.

Mo dé etí ọ̀sà, ọkọ̀ Àjàṣẹ́ ti gúnlẹ̀, obìnrin mẹ́jọ ń gòkè bọ̀. Mo gba ẹ̀yìnkùlé wọ ilé Zinsu. Tọ̀yìbátù ń rẹ́rìn-ín sí ìkòkò kan. Àmìwọ̀ inú rẹ̀ kò ju ìkúùkù lọ, ẹja kan ṣoṣo na gbalaja lé e lórí.

"Bọ̀ọ̀dá, n kò tíì tutọ́ ẹ̀ẹ̀mejì tó fi jinná!"

"Agolo mélòó lo dà?"

"Ẹ ní mẹ́wàá. Mo da ọ̀kan." Ẹ̀rín rẹ̀ kú. "Àbí... mẹ́wàá yẹn, mẹ́wàá ni?"

"Mẹ́wàá ni!"

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó gbá ẹrù rẹ̀ mọ́ra. "Ọdún kan, Bọ̀ọ̀dá. Ọdún kan."

Mo gbá ìkòkò ńlá mú, mo ń wá ìṣáná, mo ń wá epo. Ẹnìkan dí ẹnu ọ̀nà.

"Dáwè, ìwọ ọkùnrin yìí, ta ló ń se oúnjẹ nílé ọmọ mi?"

Ọgbọ̀n irọ́ tò sórí ahọ́n mi: erinmi ọ̀sà ló wọlé jẹ ẹ́, olè ni, iná ni. Mo wo àbúrò mi. Mo gbé gbogbo wọn mì.

"Màmá, ẹ̀bi mi ni. Iye tí mo bá kà kì í pé. Lónìí ó pé, kò gbà mí gbọ́." Mo rò ó fún un látòkèdélẹ̀.

Kò rẹ́rìn-ín. Ó fi ìka bu àmìwọ̀ náà, ó tọ́ ọ wò, ó tún tọ́ ọ. Ó pe àwọn yòókù. Nígbà tó fi kan ẹnì keje, ìdí ìkòkò ló ń ha.

"Kò ṣe kókó. Iyọ̀ rẹ̀ pé. Ọwọ́ ọmọ yìí mọ̀ ọ́n, etí rẹ̀ ni o bà jẹ́. Dìde, ìyàwó, se mẹ́sàn-án yòókù lójú wa. Dáwè, máa kà á sókè."

Mo ń kà. Ní mẹ́rin, ahọ́n mi yún mi láti sọ ogójì. Ìyá náà wò mí, mo ní mẹ́rin.

"Mẹ́sàn-án!"

Tọ̀yìbátù gbé agolo dúró, ó kọjú sí ìyá ọkọ rẹ̀. "Màmá, ṣé mẹ́sàn-án ni lóòótọ́?"

"Mẹ́sàn-án ni." Ìyá Zinsu fi ẹsẹ̀ ti ẹrù náà padà sínú yàrá. "Máa rò ó, kó má jóná."