Iyọ̀ Inú Ọbẹ̀ Bàbá

Ẹ kú àlàáfíà, ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó dá ẹ̀mí wa sí, tó sì fún mi ní ẹnu láti sọ ohun tí ojú ń tì mí láti sọ.

Ní ọdún 1956, àìsàn ọkàn mú Bàbá Joseph, bàbá ọkọ mi, ní Ìlá. Wọn kò lè dé oko obì wọn ní ọ̀nà Ọ̀rà mọ́. Ẹsẹ̀ wọn wú débi pé bàtà ṣọ́ọ̀ṣì kò gbà wọ́n. Dókítà ọsibítù fún wọn ní oògùn oníhóró, ọ̀kan ní òròòwúrọ̀, ó sì kìlọ̀ fún èmi tí mò ń dáná pé iyọ̀ kò gbọdọ̀ kan ọbẹ̀ wọn, nítorí iyọ̀ ló ń da omi jọ sí wọn lára, omi náà ló sì ń ni ọkàn wọn lára.

Mo ní mo gbọ́. Ṣùgbọ́n èmi, ìyàwó ilé, kí n gbé ọbẹ̀ àtẹ́ síwájú bàbá ọkọ mi? Kí ni àwọn obìnrin ilé yóò wí? Mo bu iyọ̀ díẹ̀ sí i. Lọ́jọ́ kejì mo tún bu sí i. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, Bàbá dìde láàárín ìjọ. "Ẹ bá mi yin Olúwa! Ó ti sọ ọbẹ̀ àtẹ́ di dídùn lẹ́nu mi!"

Gbogbo ìjọ hó "Halelúyà." Èmi dorí kodò. Ìbídùn, ìyàwó àbúrò ọkọ mi, fi ìgùnpá gún mi: "Ìyálé mi, ẹ ò ní ṣe àmín ni? Àbí ẹ ń retí kí wọ́n fi ọbẹ̀ yín joyè?"

Kò pé oṣù kan, ẹsẹ̀ Bàbá wú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Wọn kò lè fi ẹ̀yìn lélẹ̀ mọ́, ìjókòó ni wọ́n ń sùn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo gbé omi àti oògùn wá, wọ́n fi ọwọ́ tì í padà.

"Ìyàwó, gbé e lọ."

"Bàbá, kí ló dé?"

"Mo fi iyọ̀ sílẹ̀, mo lo oògùn, mo sì ń wú. Ẹ̀ṣẹ̀ kan ni mo dá tí n kò rántí. N kò lo oògùn mọ́."

Bí wọn kò bá lò ó, ikú ni, èmi ni mo sì pa wọ́n. Mo kúnlẹ̀.

"Bàbá, ẹ̀yin kọ́ lẹ ṣẹ̀. Iyọ̀ wà nínú ọbẹ̀ yín láti ọjọ́ kìíní. Èmi ni mo fi sí i."

"Ọjọ́ tí mo jẹ́rìí ńkọ́?"

"Ó wà níbẹ̀, Bàbá."

"O sì jókòó, ò ń wò mí!"

Nígbà tó yá, wọ́n na ọwọ́. "Gbé oògùn náà wá. Ọbẹ̀ tí dókítà wí ni kí o sè lónìí. Kí o bu tìrẹ níbẹ̀, kí o sì jẹ ẹ́ lójú mi."

Mo jẹ ẹ́. Omijé mi nìkan ni iyọ̀ tó wà nínú rẹ̀.

Wíwú ẹsẹ̀ náà rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Nígbà ìkórè, bàtà ṣọ́ọ̀ṣì gba Bàbá, wọ́n sì tún dìde láàárín ìjọ. "Ẹ̀rí tí mo jẹ́ níjọ́sí, mo ṣì í sọ. Ọbẹ̀ àtẹ́ kò dùn rárá. Bẹ́ẹ̀ náà ni mò ń jẹ ẹ́, mo sì wà láàyè."

Ìjọ rẹ́rìn-ín. Bàbá kò dárúkọ mi. Ìyẹn ló pa mí lẹ́kún.

Ìwọ tí ò ń kà á, kí Olúwa má ṣe jẹ́ kí ọwọ́ tí o fi ń tọ́jú ẹni rẹ pa á lára. Kí ara rẹ le koko, kí ẹsẹ̀ rẹ gbé ọ dé ilé Ọlọ́run títí di ọjọ́ ogbó. Àmín.