Ẹni Tó Bá Pa Marit Lẹ́rìn-ín

Nínú yàrá ìwádìí wa ní Duluth, òfin kan wà tí gbogbo wa ń bẹ̀rù: bí ẹnìkan bá ti ki rọ́bà bọ ẹnu, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pa á lẹ́rìn-ín. Ẹyin eku kéré ju kí ọwọ́ mú un lọ. Ọ̀pá gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ la fi ń fà á. A ó so rọ́bà mọ́ ìdí ọ̀pá náà, a ó ki orí rọ́bà kejì bọ ẹnu, a ó wá máa fi èémí fà á díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń mu tíì gbígbóná. Bí ẹ̀rín bá bọ́ lẹ́nu ẹni tó ń fà á, ẹyin á gba inú rọ́bà lọ, ó di àwátì. Ẹni tó bá fa ẹ̀rín náà ni yóò fọ àgò eku fún odindi ọ̀sẹ̀ kan.

Ó ti pẹ́ tí mo ti kúrò níbẹ̀. Níbi tí mo wà báyìí, adágún kì í dì di yìnyín bíi ti ìlú Duluth. Síbẹ̀, bí mo bá rí ẹni tó ń mu tíì gbígbóná, mo máa ń fi àwàdà mi pamọ́ títí yóò fi gbé e mì.

Marit Kjelstad ló ni iṣẹ́ tí mo fẹ́ sọ yìí. Ọmọ ìlú Eveleth ni, bàbá rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù bàtà níbẹ̀. Abo, ìbáà ṣe eku tàbí ènìyàn, fọ́nrán àjogúnbá tí à ń pè ní X, méjì ló máa ń ní, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá. Nínú awọ, nínú ẹ̀dọ̀, ọ̀kan a máa sùn, èkejì a máa ṣiṣẹ́. Àwọn kan ní bẹ́ẹ̀ náà ló rí nínú ẹyin. Marit ní irọ́ ni, nínú ẹyin, àwọn méjèèjì ló lajú sílẹ̀. Àwọn eku abo kan sì wà, wọn ò pọ̀, tó jẹ́ X kan ṣoṣo ni wọ́n bá wáyé. X yìí ló ń pàṣẹ fún èròjà kan tó ń fọ́ ṣúgà nínú ẹyin, a sì ní ẹ̀rọ tó ń fi ìmọ́lẹ̀ wọ̀n ọ́n. Bí ẹyin oní-X-méjì bá mọ́lẹ̀ ní ìlọ́po méjì ti oní-X-kan, òótọ́ ni Marit sọ. Bí wọ́n bá dọ́gba, ó di Eveleth, ó di ṣọ́ọ̀bù bàtà.

Ó ti wọn ti oní-X-méjì, ó ti fi bírò pupa sàmì síbi tí abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ náà dé. Ti oní-X-kan ló kù. Ṣùgbọ́n wọ́n ti fi yàrá wa fún àwọn tó ń wádìí ẹja, ọjọ́ Ẹtì la ó kó jáde, kò sì síbi tí a ó kó eku lọ. Eku oní-X-kan kì í pẹ́ tí ẹyin rẹ̀ fi ń tán. Irú eku bẹ́ẹ̀ kan péré ló kù tó ṣì wúlò.

Àárọ̀ Ọjọ́rú ni Marit jókòó ti ẹyin eku náà. Wendell Pruitt, aláwàdà wa, ẹni tó fọ àgò ju gbogbo wa lọ, kọjú sí ògiri, ó sì ki síkáàfù ọrùn rẹ̀ bọ ẹnu kí àwàdà má baà jáde. Arvo Niskala, ọ̀gá àwọn oníẹja, gun àpótí, ó ń fi téèpù wọn ògiri láti ilẹ̀ títí dé àjà. Bẹ́ẹ̀ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Lofthus, ọ̀gá wa, wọlé, yìnyín lórí fìlà rẹ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti dé ọ̀dọ̀ bàbá yìí, mi ò gbọ́ àwàdà kan lẹ́nu rẹ̀ rí. Ó wo Arvo láti òkè délẹ̀.

"Arvo," ó ní, "ṣé òòró ni ẹja tiyín máa ń dúró ni?"

Ohùn kan ti imú Marit jáde. Ó yọ rọ́bà lẹ́nu.

"Ó ti lọ."

"Gbogbo ẹ̀?" Wendell béèrè.

"Gbogbo ẹ̀. Ó jọ pé mo tiẹ̀ ti gbé díẹ̀ mì."

"Ó dáa náà. O ò tíì jẹun àárọ̀."

"Wendell, màá fi rọ́bà yìí nà ẹ́!"

A fi omi ṣan rọ́bà náà sínú abọ́, a wo abọ́ títí ojú fi ń ro wá. Méjì la rí, méjèèjì ti fọ́.

Ọ̀jọ̀gbọ́n bọ́ kóòtù rẹ̀. Ó so épúrọ́ọ̀nù mọ́dìí, ó gbé àgò àkọ́kọ́ síwájú.

"Ọ̀gá, ẹ fi sílẹ̀," Marit ní, omijé ti kún ojú rẹ̀. "Àgò ta la tún ń fọ̀?"

"Òfin lòfin."

Ó fọ̀ ọ́, ó fọ òmíràn. Nígbà tó yá, ó sọ̀rọ̀ láìwẹ̀yìn: "Eku kan wà o. Òun àtèyí tó parí yìí, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. X kan ni."

"Níbo ló wà?"

"Nílé mi. Lórí fìríìjì."

Wendell dìde. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lẹ ìwé mọ́lẹ̀kùn pé ẹranko kankan ò gbọdọ̀ jáde?"

"Èmi náà ni."

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ lé mi nítorí pé mo gbé eku dé ibi kọfí?"

"Wendell, mo ti gbọ́." Ó nu ọwọ́. "Láti ìgbà ìwọ́wé tí Solveig ti kú, ilé yẹn dákẹ́ jù fún mi."

Solveig ni ìyàwó rẹ̀.

Ọ̀sán ni Ọ̀jọ̀gbọ́n ti ilé padà dé. Inú àpò àyà ló ti yọ eku náà, ó pe orúkọ rẹ̀ ní Dagny. Eérún lẹ́fúsè, búrẹ́dì pẹlẹbẹ kan, ṣì wà ní irùngbọ̀n eku náà. Ó gbé e sórí tábìlì, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò lára rẹ̀. Gbogbo wa ló mọ̀ pé pípa la máa ń pa eku kí a tó kó ẹyin rẹ̀.

Marit wo ọwọ́ yẹn.

"Ọ̀gá, ilé ẹyin méjì ló ní. Ẹ jẹ́ n mú ọ̀kan."

"Ṣé ọ̀kan á tó?"

"Á tó, bí ẹnikẹ́ni ò bá ti sọ nǹkan kan nípa ẹja."

Ó fi oògùn kun eku náà lóorun, ó la ẹ̀yìn rẹ̀ díẹ̀, ó mú ilé ẹyin kan, ó sì fi òwú rán ojú ọgbẹ́ náà padà. Ọ̀jọ̀gbọ́n ló di iná mú fún un. Nígbà tí rọ́bà wọ ẹnu Marit, Wendell fẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde lọ dúró sínú yìnyín, ó fa Arvo tẹ̀lé ara rẹ̀. Láti ojú fèrèsé ni mo ti ń wo àwọn méjèèjì tí wọ́n ń tiro bí adìyẹ. Ọ̀jọ̀gbọ́n fọwọ́ bo ẹnu ara rẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, iye ẹyin kan náà bíi ti ìṣáájú la gbé sẹ́nu ẹ̀rọ. Abẹ́rẹ́ náà gbéra. Ó dé ìdajì ọ̀nà sí àmì pupa, ó sì dúró. Marit tún un ṣe. Ìdajì náà ni. Ó jókòó síbẹ̀, kò mí, kò wí, àfi bí ẹni tí rọ́bà ṣì wà lẹ́nu rẹ̀.

"Marit," Ọ̀jọ̀gbọ́n ní, "o lè rẹ́rìn-ín báyìí."

Kò tíì dáhùn tí Arvo fi yọrí lẹ́nu ọ̀nà, ojú rẹ̀ le koko.

"Ọ̀gá, mo ti rò ó láti àná. Ẹja kì í dúró lóòró. Ìkòkò omi wọn la fẹ́ tò lérí ara wọn, ìyẹn ló jẹ́ kí n wọn ògiri."

Ẹ̀rín tí Marit rín lọ́jọ́ náà, ẹni tó wà lórí adágún gbọ́ ọ. Wendell ń yí nílẹ̀. Arvo ń wò wá lẹ́nìkọ̀ọ̀kan, kò mọ ohun tó sọ tó pa wá lẹ́rìn-ín. Láàárín ariwo yẹn, Dagny, ojú ọgbẹ́ tí a rán ṣì tutù lẹ́yìn rẹ̀, rọra rìn kọjá lórí tábìlì, ó gun apá Ọ̀jọ̀gbọ́n, ó sì padà sínú àpò.