Fìtílà Màmá Savitri

"O fi ẹnu pa á! Mùlíkàt, o fi ẹnu pa iná àdúrà!"

Mùlíkàt dúró gbagidi. Mọ̀ngàríbì ti tó, ó sì fẹ́ lọ kírun ní kíṣìnì, ṣùgbọ́n fìtílà tí Màmá Savitri tàn síwájú ère rẹ̀ ń jó nítòsí kọ́tìnì. Kí ilé onílé má baà jóná ló ṣe fẹ́ ẹ pa, fúù. Ta ló sọ fún un pé àwọn Híńdù kì í fi èémí ẹnu kan iná àdúrà?

"Màmá, ẹ dákun, ẹ má bínú."

Màmá wọ yàrá rẹ̀ lọ. Kò jẹun lálẹ́, kò jẹun láàárọ̀. Nígbà tí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì dé, kò tan fìtílà mọ́. Ẹ̀rù wá ba Mùlíkàt gidi. Láti ìgbà tó ti ń tọ́jú àwọn arúgbó bíi Màmá nínú ilé wọn ní Oxon Hill, ní Amẹ́ríkà, kò rí irú èyí rí.

"Màmá, ṣé nítorí tèmi náà ni?"

"Kì í ṣe ìwọ nìkan." Màmá yíjú sí fèrèsé. "Ní Haridwar, ní Íńdíà lọ́hùn-ún, tí oòrùn bá ti ń wọ̀, gbogbo wa la máa ń péjọ sétí odò Gáńgà. Àwọn àlùfáà á gbé iná ńlá sókè, agogo á máa dún. A ó gbé fìtílà wa sórí ewé pẹ̀lú òdòdó, odò á sì gbé e lọ. Níbí, èmi àti ògiri ni. Ó ti sú mi."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Mùlíkàt lára. Òun náà ńkọ́, tó ń kírun lẹ́gbẹ̀ẹ́ fíríìjì onífíríìjì? Tó bá pe Zulaykha ọmọ rẹ̀ sí ìrun nílé, ìyẹn á ní, "Mom, I'm coming," kò sì ní yọjú.

"Ẹ wọ kóòtù yín, ẹ mú fìtílà yín dání," ó ní.

Ó fi ọkọ̀ gbé Màmá lọ sétí odò Potomac. Wọ́n ṣa ewé fífẹ̀ kan nílẹ̀, wọ́n gbé fìtílà lé e, ṣùgbọ́n atẹ́gùn ń pa ìṣáná ṣáá. Ni Mùlíkàt bá bọ́ kóòtù tirẹ̀, ó fi dáàbò bo iná náà.

"Á yé Ọlọ́run," ó sọ lábẹ́ ẹnu.

Iná ràn. Màmá tì í sómi, ó ń kọrin pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Fìtílà náà lọ díẹ̀ kí omi tó pa á. Omi ló pa á o, kì í ṣe ẹnu ẹnikẹ́ni.

"Àsìkò tìrẹ náà ti tó, àbí?" Màmá ní. "Lọ kírun. Màá dúró dè ọ́."

Mùlíkàt ṣe àlùwàlá, ó tẹ́ kóòtù sílẹ̀. Nígbà tó sálámà, tó wo ọ̀tún, Màmá ṣì jókòó síbẹ̀, ó gbé bàtà Mùlíkàt sórí itan kí omi má baà kàn án. Láti ìgbà tí lọ́tìrì físà ti gbé e dé Amẹ́ríkà lọ́dún 1999, ẹnikẹ́ni kò dúró dè é kó kírun rí. Omijé bọ́ lójú rẹ̀.

"O ti parí?" Màmá na bàtà sí i. "Jẹ́ ká máa lọ. Ebi ń pa mí."