Ilé Onítáyà Tó Jókòó ní Ẹdúnàbọ̀n

"Ìmísí ọmọ mi, ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ o. Ohun kan ló kù tí mi ò tíì sọ fún ọ nípa kàráfáànù yẹn. Iwájú ni kí ẹ kó ẹrù tó bá wúwo sí. Iwájú o! Bí ẹ bá kó o sẹ́yìn, á bẹ̀rẹ̀ sí í fì, ó sì lè já, kó lọ jókòó fún yín lójú títì..."

Ibẹ̀ ni Ìmísí ti pa ohùn náà. Kò lè gbọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àná ni Màmá Lágúnjú ti fi ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀ láti Àbújá, ṣùgbọ́n láti àárọ̀ àná ni fóònù náà ti kú, òní ni agẹrun kan ní Ẹdúnàbọ̀n tó bá a fi iná sí i. Ìmísí gbójú sókè wo ohun tí wọ́n ń kìlọ̀ fún un nípa rẹ̀. Kàráfáànù náà ti jókòó. Ìdí rẹ̀ wà nílẹ̀, imú rẹ̀ kọjú sí ọ̀run, ọwọ́ irin tí wọ́n fi so ó mọ́ jíìpù nà sókè bí ọwọ́ ọmọ iléèwé tó mọ ìdáhùn.

"Ẹ ṣé, mà," ni Ìmísí wí fún fóònù. "A ti rí i."

Ká tó dá a lẹ́bi, ká gbọ́ bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́.

Ìmísí ń rán kọ́tínnì ní Lágere. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́ lóòótọ́, àmọ́ ọkàn rẹ̀ kì í sábà sí níbi tí ọwọ́ rẹ̀ bá wà. Bí ẹ bá rí kọ́tínnì kan ní Ilé-Ifẹ̀ tí apá kan gùn ju èkejì lọ, ẹ mọ̀ pé ibi tí ìtàn ti dùn ló dé lọ́jọ́ náà. Màmá Lágúnjú, opó ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní yunifásítì, ló ń yá a ní ìwé ìtàn. Ó lọ wọn fèrèsé níbẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó yá ìwé kan bọ̀. Láti ọjọ́ náà, kò sí oṣù tí kì í rí ìdí tó fi yẹ kí òun tún fèrèsé wọ̀nyẹn wọ̀n.

Abẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìn ilé náà ni kàráfáànù wà. Yàrá kan ṣoṣo lórí táyà méjì ni, pẹ̀lú ibùsùn, sítóòfù, àti tábìlì kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé iwájú. Ọ̀jọ̀gbọ́n ló fi ọkọ̀ ojú omi gbé e wálé láyé ọjọ́un, òun àti ìyàwó rẹ̀ a sì máa so ó mọ́ ẹ̀yìn mọ́tò wọn lọ́jọ́ ìsinmi. Nígbà tí ọ̀jọ̀gbọ́n kú, adìyẹ ló jogún ún. Nígbà tí Màmá Lágúnjú wá fẹ́ kó lọ bá ọmọ rẹ̀ ní Àbújá, ó ní, "Ìmísí, wá gbé e. Ìwọ nìkan lo máa ń wò ó bí ẹni ń wo àfẹ́sọ́nà."

Àfẹ́sọ́nà gan-an sì wà nílẹ̀. Fọláránmi lorúkọ rẹ̀, ẹyin ló ń tà. Ó ní oko adìyẹ kékeré kan ní Ìpetumodù, ó sì ní jíìpù kékeré kan tó fi ń pín ẹyin káàkiri Ifẹ̀. Ẹni tó ń fi ẹyin ṣòwò kì í sáré. Àwọn ará àdúgbò ní arúgbó tó ru igi a máa kọjá lára jíìpù náà, a sì máa bojú wẹ̀yìn kí i pé ó kú iṣẹ́. Fọláránmi fẹ́ fi Ìmísí ṣaya. Ó ti bi í ní kedere, lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, pẹ̀lú kírétì ẹyin lọ́wọ́.

Kírétì ẹyin! Nínú gbogbo ìwé tí Ìmísí yá, kò sí èyí tí wọ́n ti gbé ẹyin dání dẹnu ìfẹ́ kọ ọmọge. Ó ní, "Fọlá, mi ò ní dá ọ lóhùn níbí. A ó so kàráfáànù mọ́ jíìpù rẹ, a ó fà á dé etí omi Aṣéjírẹ́. Tí oòrùn bá ń wọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, níbẹ̀ ni màá ti dá ọ lóhùn."

"Kò burú," ni Fọláránmi wí. Bó ṣe máa ń wí nìyẹn.

Ìmísí rán kọ́tínnì léèsì funfun sí fèrèsé iwájú, èyí tí apá méjèèjì rẹ̀ gùn dọ́gba. Ó ti to ìran náà lọ́kàn pátá: aṣọ tí Fọláránmi yóò wọ̀, ibi tí atẹ́gùn yóò gbà wọlé, ohun tí Fọláránmi yóò sọ. Èyí tí Fọláránmi máa sọ yìí, ó dára gan-an, òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́. Kò ṣe é bíi kó bi ọkùnrin náà bóyá ó tilẹ̀ fẹ́ràn omi.

Ohun tí kò sí nínú ìran náà ni Àǹtí Àníkẹ́, àbúrò ìyá rẹ̀.

"Ìwọ àti ọkùnrin, nínú ilé tó ní bẹ́ẹ̀dì, tó tún ní táyà?" ni Àǹtí Àníkẹ́ wí. "Bí ilé ọ̀hún bá gbé yín sá lọ ńkọ́? Mò ń bá yín lọ."

Ohun kejì tí kò sí níbẹ̀ ni ẹrù. Bí ọkọ̀ rẹ bá ń lọ síbì kan, tí àyè sì ṣẹ́ kù nínú rẹ̀, àyè náà kì í ṣe tìrẹ mọ́, ti ẹbí àti ará àdúgbò ni. Bàbá Oyèwọlé, onílé wọn, fa àgbò tó rà ní Sábó wá, kí wọ́n bá òun jù ú sílẹ̀ fún àna òun ní Ìkirè. Ìyá Roqeeb gbé kẹ́ẹ̀gì epo pupa wá, fún ìyàwó ọmọ rẹ̀. Iṣu dé, gaàrí dé. Ìyá àgbà kan láti ìsàlẹ̀ àdúgbò fi wíìlìbáró ti ọlọ kan wá, ó ní ọlọ ìdílé ni, Ìbàdàn ló ń lọ. Ta ló máa wo ojú àgbà, kó ní rárá? Ìmísí kò lè sọ ọ́. Fọláránmi ní tirẹ̀ kò tilẹ̀ dà bí ẹni tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà wà lédè Yorùbá.

"Níbo ni ká kó gbogbo èyí sí?" ni Àǹtí Àníkẹ́ béèrè.

"Ẹ̀yìn," ni Ìmísí dáhùn. "Gbogbo rẹ̀, ẹ̀yìn! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ fèrèsé mi."

Nítorí pé lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ni ó tẹ́ aṣọ funfun sí lórí tábìlì, tó to ife méjì síbẹ̀, tó ki òdòdó bọ inú ìgò, tó sì da ojú ìwé ìtàn kan délẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òdòdó náà, bí ẹni tó ń kàwé tí ìfẹ́ wá já lù.

Fọláránmi dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú fóònù rẹ̀ lọ́wọ́. Ó wo ẹ̀yìn, ó wo iwájú. "Ìmísí, ẹ̀yìn yìí ò ti pọ̀ jù báyìí?"

Ìmísí fajú ro. "Ṣé orí òdòdó mi lo fẹ́ kí àgbò wá dùbúlẹ̀ sí ni?"

"Kò burú," ni Fọláránmi wí.

Bí wọ́n ṣe gbéra, ìdí jíìpù gbé sókè díẹ̀, imú rẹ̀ wolẹ̀ bí ọmọ tó ń kí àgbà. Ìmísí kà á sí ẹ̀kọ́ ilé. Fèrèsé jíìpù ṣí, ó ń wo igbó àti oko kòkó tó ń kọjá, ó ń fi ẹnu wúyẹ́wúyẹ́ sọ èyí tí Fọláránmi yóò sọ, kó lè mọ̀ bóyá ó gùn jù. Ó kù díẹ̀ kí wọ́n wọ Ẹdúnàbọ̀n, níbi tí ọ̀nà ti dà gẹ̀rẹ́ sísàlẹ̀, ni kàráfáànù bẹ̀rẹ̀ sí í fì. Ó fì sọ́tùn-ún, ó fì sósì, bí oníbàdí tó mọ̀ pé wọ́n ń wo òun.

"Fọláránmi, kí ló ń jó lẹ́yìn wa?" ni Àǹtí Àníkẹ́ béèrè.

"Kò burú, Àǹtí."

"Ó burú! Bojú wẹ̀yìn, kó o wò ó!"

Táyà kó sí kòtò. Gbàgà! Irin já. Kàráfáànù fi wọ́n sílẹ̀, ó dá yà sínú koríko etí títì, ó sì rọra jókòó bí adìyẹ tó fẹ́ yé.

Kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀, Ẹdúnàbọ̀n ti pé síbẹ̀.

"Ẹ wá wò ó o, ilé ti jókòó!"

"Bóyá ó ti rẹ̀ ẹ́ ni. Ẹ bi í bóyá á mu omi."

"Onílé dà? Ó yẹ ká bá a gba owó ilẹ̀!"

Ilẹ̀kùn ṣí fúnra rẹ̀, àgbò Bàbá Oyèwọlé jáde. Kọ́tínnì léèsì bò ó lórí, ó gùn dé ilẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó sì ń jẹ òdòdó.

"Ìyàwó dé!" ni obìnrin kan ké. "Ìyàwó ti dé o! Ọkọ dà?"

Gbogbo wọn yíjú sí Fọláránmi. Fọláránmi wo ilẹ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù kan kọjá lọ lójú títì ní ibi tí kàráfáànù ti ń fì ṣáájú, ó fọn fèrè gidigidi, Ìmísí sì bojú wo ibi tí Àǹtí Àníkẹ́ dúró sí.

Kò sí ẹni tó ṣèṣe. Ìdílé kan nítòsí fún wọn níbi tí wọ́n sùn sí. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Fọláránmi wá wẹ́dà lọ, Àǹtí Àníkẹ́ jókòó sí abẹ́ igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ láàárín àwọn ará ilé, ó ń sọ ìtàn náà fún wọn ní ẹ̀ẹ̀kejì, àgbò sì ti tóbi sí i. Ìmísí jókòó sórí ọlọ ìdílé pẹ̀lú ìwé ìtàn tó ti mu epo pupa yó, ó sì ń fi ara rẹ̀ rẹ́rìn-ín.

Ká má purọ́, ọkàn rẹ̀ ti rọ̀ láàárọ̀ náà. Gbogbo ìwé tó yá ló sọ ọ́: lẹ́yìn ìjì, ọmọbìnrin a wá rí i pé ẹni tó tọ́ sí òun ti ń dúró ti òun látọjọ́ yìí, pẹ̀lú kírétì ẹyin rẹ̀. Ó ti pinnu pé bí Fọláránmi bá dé, bẹ́ẹ̀ ni lòun máa sọ. Inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ tó fi ní kí òun gbọ́ ìyókù ohùn Màmá Lágúnjú.

"...Mo pè ọ́ títí, fóònù rẹ ò lọ. Ṣùgbọ́n má ṣèyọnu. Mo ti bá Fọláránmi sọ̀rọ̀ nísinsìnyí, mo ti ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un. Ó ní ẹ ò tíì kó ẹrù, òun á sọ fún ọ. Ẹ rìnnà re."

Ìmísí gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i. Kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Fọláránmi dé pẹ̀lú àkàrà gbígbóná nínú bébà. "Wẹ́dà ń bọ̀," ló wí.

"Fọlá, Màmá Lágúnjú pè ọ́ lánàá?"

"Wọ́n pè mí."

"Kí ni wọ́n wí?"

"Pé ká kó ẹrù síwájú."

"O ò sọ fún mi."

"Mo ní ẹ̀yìn ti pọ̀ jù."

"O bi mí bóyá ó pọ̀ jù. O ò sọ fún mi pé wọ́n ní ó lè já."

"O fajú ro," ni Fọláránmi wí pẹ̀lẹ́. "O ń to òdòdó, inú rẹ ń dùn. Mi ò fẹ́ bà á jẹ́. Mo ní màá ṣáà rọra wakọ̀."

"Àǹtí mi wà nínú mọ́tò yẹn, Fọlá."

Lábẹ́ igi ọ̀gẹ̀dẹ̀, Àǹtí Àníkẹ́ nàgà. "Ẹ̀yin méjèèjì, ṣé ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ọ̀hún ni? Aṣéjírẹ́ ṣì jìnnà o!"

Ìmísí wo ìwé tó wà lórí itan rẹ̀. Nínú rẹ̀, ọkùnrin tí kì í bí olólùfẹ́ rẹ̀ nínú láéláé ni wọ́n ń pè ní ọkọ rere. Ó ti gbà á gbọ́ débi tó fi wá irú rẹ̀ rí.

"O ò ṣe mí níbi," ló wí. "Èmi ni mo kọ ìran, tí mo ní kí gbogbo yín wá ṣe é fún mi. Ẹni tí ò ní kọ̀ fún mi ni mo ń wá, òun náà ni mo rí. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí ẹni tó máa dá mi dúró, Fọlá, gbogbo ayé ni màá kó sẹ́yìn nítorí òdòdó."

"Màá máa sọ fún ọ láti òní lọ."

"Bí mo bá ń fajú ro ńkọ́, tí mò ń pariwo? Ṣé ó máa rọ̀ ọ́ lọ́rùn kó o máa sọ ọ́?"

Fọláránmi wo àkàrà ọwọ́ rẹ̀ títí. "Rárá," ló wí.

Rárá àkọ́kọ́ tí Ìmísí gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn, ó sì dára létí rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ yí ọkàn rẹ̀ padà. Ó pa ìwé náà dé, ó dìde lórí ọlọ.

"Mo ní etí omi ni màá ti dá ọ lóhùn, tí oòrùn bá ń wọ̀," ló wí. "Kò sí omi níbí, oòrùn ò sì tíì gòkè tán. Fọláránmi, mi ò ní fẹ́ ọ."