Ìgbìmọ̀ Tó Ń Fi Eyín Dìbò

Ìlú kan wà láàárín igbó, tí gbogbo ẹranko ibẹ̀ ń mu omi láti inú odò kan ṣoṣo. Erin ni ọba wọn. Ìgalà ni olórí àwọn ọ̀mọ̀wé ààfin, Ìnàkí ló ń ṣe àkóso oko ọba, Akàn ló sì ń ṣọ́ odò. Olúkúlùkù mọ ipò rẹ̀, ó sì tún mọ ti ẹnìkejì rẹ̀ ju tirẹ̀ lọ, gẹ́gẹ́ bí ìṣe àwọn ìlú tó ti gbó.

Òfin kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fi ń yangàn lójú àjèjì. Bí ọ̀rọ̀ bá dé iwájú ìgbìmọ̀, wọn kì í nawọ́ sókè, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò lọ́wọ́. Ẹni tó bá gbà yóò la ẹnu, yóò fi eyín hàn. Ẹni tó bá kọ̀ yóò pa ẹnu dé. Àwọn baba ńlá wọn ló sọ pé ẹnu a máa purọ́, ṣùgbọ́n eyín kì í purọ́. Òfin náà dára, àfi béèyàn bá rántí àwọn ẹyẹ. Ẹyẹ kò léyín láti ìṣẹ̀dálẹ̀ ayé, nítorí náà, láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀, kò tíì sí ohun rere kan tí ẹyẹ fọwọ́ sí. Kò sẹ́ni tó ka èyí sí àléébù òfin. Wọ́n kàn máa ń sọ pé alátakò ni àwọn ẹyẹ.

Àṣà kejì kò pẹ́ tó ìyẹn. Ìnàkí a máa dúró lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn ìgbìmọ̀, a sì máa fún ẹni tó bá ń wọlé ní oríkèé ìrèké kan. Ẹni tí kò bá jẹ ẹ́ kò gbọdọ̀ wọlé, torí ebi kì í wọnú kọ́rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Láti inú àṣà yìí ni Ìlànà Ìjẹun ti jáde. Ìnàkí gbé e kalẹ̀, Ìgalà fi pátákò rẹ̀ lù ú ní òǹtẹ̀, wọ́n sì gbẹ́ ẹ sára igi ìrókò tó wà létí odò: ìrèké láàárọ̀, ìrèké lọ́sàn-án, ìrèké nírọ̀lẹ́, kí agbára lè wà nínú ará ìlú. Ìnàkí fúnra rẹ̀ kì í jẹ ìrèké. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló ń jẹ. Nígbà tí wọ́n bi í léèrè, ó ní òun ń fi tòun sílẹ̀ ni kí ti ará ìlú lè pọ̀, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún un.

Abo ọ̀yà kan wà nínú ìlú yìí tí kì í rú òfin. Bí wọ́n bá ní kí ará ìlú gbá ojúde, tirẹ̀ ló máa kọ́kọ́ mọ́. Eyín lọkọ́ ọ̀yà, eyín náà ni àdá rẹ̀, òun ló fi ń gé koríko jẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ìlànà Ìjẹun dé, Ọ̀yà pa koríko tì, ó ń gé ìrèké fún àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́ta lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́, inú rẹ̀ sì ń dùn pé ìyá rere lòun. Eyín àkọ́bí rẹ̀ dúdú, ó jẹrà, ó yọ. Eyín ọmọ kejì tẹ̀lé e. Ìrèké le jù fún ẹnu wọn, koríko náà le jù, ebi sì pa àwọn méjèèjì kú láàárín koríko tó ga jù wọ́n lọ. Rẹ̀mílẹ́kún ló ṣẹ́ kù, àbíkẹ́yìn, tí eyín iwájú rẹ̀ kan ti lọ, tí èkejì sì ń mì. Ọ̀yà mọ̀ pé ọjọ́ tí eyín yẹn bá bọ́, ọmọ òun ti bọ́ nìyẹn.

Kì í ṣe ilé rẹ̀ nìkan. Òkété ń jẹ̀rora, Ehoro ń jẹ̀rora, ẹnu gbogbo ìlú ń rùn. Akàn ni kò lè gbójú fò ó. Ó fẹsẹ̀ rìn lọ sórí òkè níbi tí odò ti ń ṣàn wá, ó sì rí i pé irú òkúta funfun kan wà nínú ìsun kan níbẹ̀ tí omi rẹ̀ kì í dé ìlú, àti pé àwọn ẹranko díẹ̀ tó ń mu ún ní eyín tó le. Ó gbé díẹ̀ nínú òkúta náà bọ̀, ó bẹ ọba, ọba sì pe ìgbìmọ̀.

Ọ̀yà lọ. Kò sọ̀rọ̀ nínú ìgbìmọ̀ rí láyé rẹ̀. Lẹ́nu ọ̀nà, Ìnàkí na oríkèé ìrèké sí i tẹ̀ríntẹ̀rín, obìnrin náà sì fi ẹran ìdí eyín rẹ̀ fa omi rẹ̀ tẹkúntẹkún, nítorí eyín tirẹ̀ náà ti kán mọ́ ìdí. Ó fi ọmọ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó jókòó.

Akàn ló kọ́kọ́ dìde. "Kábíyèsí, kí adé pẹ́ lórí. Ọ̀rọ̀ mi kò gùn. Ẹ jẹ́ ká lọ òkúta yìí kúnná, ká máa bù ú sódò ní ìkarahun ìgbín kan bí oṣù tuntun bá ti lé. Ìkarahun kan ni mo wí. Tó bá di mẹ́ta, yóò ba eyín náà jẹ́ ni, nítorí oògùn tó bá pọ̀ jù, àìsàn ni. Kò ní dá eyín tó ti lọ padà, ṣùgbọ́n yóò ran èyí tó kù lọ́wọ́. Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó bi mí, gbogbo ohun tí mo rí ni màá sọ."

Ká ní wọ́n fi í sílẹ̀ níbẹ̀ ni, bóyá ìlú ì bá yè. Ṣùgbọ́n Ìgalà kò lè jókòó kí akàn lásán gba ògo. Ó dìde, ó na ọrùn. "Kábíyèsí, kò sí ìdí tí a fi ń jíròrò. Àwa tí a kàwé ti yẹ̀ ẹ́ wò, a sì ti fọwọ́ sí i. Ìbéèrè wo ni òkété fẹ́ bèèrè tí a kò tíì dáhùn nínú ilé ẹ̀kọ́? Kí ará ìlú mu ohun tí a bá bù fún wọn, kí wọ́n sì dúpẹ́." Ó jókòó, ó ń jẹ ìrèké rẹ̀ lọ. Àwọn tó ti fẹ́ gbà tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fura.

Ibi tí Odídẹrẹ́ ti ń ṣọ́nà nìyẹn. Òun ni ohùn rẹ̀ ròkè jù nínú ìlú, kò sì sí ọ̀rọ̀ tó gbọ́ tí kì í tún sọ, ìbáà jẹ́ òótọ́, ìbáà jẹ́ irọ́. "Ẹ̀yin èèyàn mi," ó ní, "mi ò sọ pé Akàn ń purọ́ o. Mo kàn ń bèèrè ni. Ṣé àwọn baba wa mu òkúta? Ṣé ẹ mọ ohun tó ń ṣe akọ nínú ilé tó bá mu ún? Wọ́n ní ewúrẹ́ kan mu ún lókè, láti ọjọ́ náà kò mọ orúkọ ìyá rẹ̀ mọ́. Èmi ò sí níbẹ̀, mo kàn ń bèèrè ni! Lónìí òkúta, lọ́la ńkọ́? Ẹni tó bá lè bu nǹkan sómi ọlọ́mi, ṣé kò lè bu nǹkan sọ́kàn ọlọ́kàn?"

Akàn fi èékánná lu ilẹ̀. "Adìẹ ń jẹkà, ó ń mumi, ó ń gbé òkúta wẹẹrẹ mì, ó ní òun ò léyín, ìdérègbè tó léyín, ṣé irin ló ń gbé mì? Odídẹrẹ́, gbogbo ẹ̀yin ẹyẹ lẹ ń ṣa òkúta jẹ kí oúnjẹ yín lè dà. Eyín wo lò ń gbèjà?"

Gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò pẹ́ tó fi tán, ẹ̀rù sì kù nínú wọn síbẹ̀. Láti ìgbà náà, ariwo ni. Àwọn tó wà lẹ́yìn Ìgalà ń pe àwọn tó kù ní òpè, àwọn tó wà lẹ́yìn Odídẹrẹ́ ń pe àwọn yẹn ní ẹrú ààfin, omi ìrèké sì ń kán bọ́ lágbọ̀n gbogbo wọn. Omi tí a ní kò lọ́tàá, lọ́jọ́ yẹn, ó lọ́tàá.

Ọ̀yà dìde. "Kábíyèsí, ẹ dárí jì mí. Èmi kì í rú òfin. Ọmọ mẹ́ta ni mo bí, mo sì bọ́ wọn bí ìrókò etí odò ṣe wí. Méjì ti kú. Mo gbà kí ẹ bu òkúta sómi, mo gbà tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Kí là ń jẹ? Kí ló wà lẹ́nu gbogbo wa báyìí tí a fi ń jà nítorí eyín?"

Lẹ́yìn náà ni ohun ìyanu ọjọ́ yẹn ṣẹlẹ̀: Ìgalà àti Odídẹrẹ́ fi ohùn kan náà sọ pé, "Ìyẹn kọ́ la wá sọ!" Wọ́n wo ara wọn, wọ́n sì yíjú kúrò.

Ìnàkí ló tù ú nínú. Ohùn rẹ̀ rọ̀ bí òróró. "Ìyá, ẹ kú ìrọ́jú. Ọlọ́run á dá èyí tó kù sí. Mo ti ní kí wọ́n gbé ìdì ìrèké méjì lọ sílé yín, ọ̀kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan tó lọ. Ìjọba kò gbàgbé yín." Wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún un lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọba Erin, tí eyín tirẹ̀ wà níta gbangba tí nǹkan kan kò ṣe é, gbin díẹ̀, ó ní ọ̀rọ̀ omi lòun pè fún, ọ̀rọ̀ ìrèké yóò ní ọjọ́ tirẹ̀. Wọ́n fi ètè sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá. Ó ní kí wọ́n dìbò.

Ìgalà ló ń kà. Ó dé iwájú Òkété, Òkété la ẹnu, kò sí nǹkan níbẹ̀. "Ó kọ̀," ni Ìgalà wí. Ó dé ọ̀dọ̀ Ehoro, ó wo ẹnu pupa tó ń ṣẹ̀jẹ̀, ó ní, "Ó kọ̀." Ó dé ọ̀dọ̀ Ọ̀yà. Ọ̀yà la ẹnu débi pé àgbọ̀n ń dùn ún.

"Mi ò rí eyín," ni Ìgalà wí. "Ó kọ̀."

"Mo gbà! Ẹ gbọ́, mo ní mo gbà!"

"Òfin kò mọ ohùn, ìyá. Eyín lòfin mọ̀."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe kà wọ́n tán. Gbogbo ẹni tí ẹnu ń dùn ni wọ́n kà mọ́ àwọn tó kọ oògùn ẹnu. Odídẹrẹ́ gbọn ìyẹ́, ó kígbe pé ará ìlú ti sọ̀rọ̀. Ìgalà mi orí, ó ní òun ti sọ tẹ́lẹ̀ pé òpè ni wọ́n. Ó ti fi ojú ara rẹ̀ wo ẹnu tó lé ní igba lọ́jọ́ yẹn, síbẹ̀ kò rí nǹkan kan nínú wọn ju ìdìbò lọ. Ojú ti èmi tí mò ń sọ ọ́.

Ọ̀yà kò padà sílé tí ìdì ìrèké ti ń dúró dè é. Ó gba ọ̀nà òkè lọ tààrà pẹ̀lú Rẹ̀mílẹ́kún. Lójú ọ̀nà ni eyín tó ń mì yẹn bọ́. Ìyá wo eyín náà nílẹ̀, ó ké, ó sì ń lọ. Nígbà tí wọ́n dé ibi òkúta funfun, ó fi òkúta tẹ ọ̀mùnú koríko fún ọmọ náà títí yóò fi rọ̀ bí ẹ̀kọ, ó fún un ní omi, ó sì ń ka ọjọ́. Eyín ọ̀yà kì í dẹ́kun híhù bí ohun tó ń pa á bá ti kúrò. Ní oṣù kejì, ohun funfun kan yọ lẹ́nu Rẹ̀mílẹ́kún. Ọ̀yà fi ọwọ́ kàn án, ó jókòó sílẹ̀, ó sunkún bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé àwọn méjì tó kú kò yẹ kó kú. Ehoro gbọ́, ó tẹ̀lé e. Òkété náà kó ilé rẹ̀ wá. Eyín wọn hù.

Ní ìsàlẹ̀, nǹkan bàjẹ́. Ìgbìmọ̀ kò lè fọwọ́ sí ohunkóhun mọ́, torí ẹni tó léyín kò tó nǹkan. Ọ̀gbẹlẹ̀ dé, wọ́n ní kí wọ́n gbẹ́ odò jìn sí i, ẹnu ò léyín, ó di pé wọ́n kọ̀. Wọ́n tilẹ̀ ní kí wọ́n pa òfin ìdìbò yẹn rẹ́, ṣùgbọ́n eyín ni wọ́n fi ń pa òfin rẹ́. Ìnàkí nìkan ló ń rẹ́rìn-ín, eyín rẹ̀ sì funfun báláú.

Ní ọjọ́ kan, Akàn gun òkè wá. Ó ti gbó. "Ìyá Rẹ̀mílẹ́kún, ọba ló rán mi. Ó ní kí ẹ sọ̀kalẹ̀, gbogbo ẹ̀yin tí ẹ wà níbí. Tí ẹ bá fi eyín yín hàn lẹ́ẹ̀kan péré, Ìlànà Ìjẹun á wó, òfin ìdìbò á wó. Ẹ pọ̀ ju àwọn tó kù lọ."

Ọ̀yà ń gé koríko. Kò dáwọ́ dúró. "Bàbá Akàn, ṣé a lè wọ gbọ̀ngàn láì jẹ ìrèké ẹnu ọ̀nà?"

Akàn wolẹ̀. "Mo bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní òfin ni."

"Ọmọ mi yìí ńkọ́? Ó ti dàgbà tó ẹni tí wọ́n ń kà."

"Òun náà á jẹ ẹ́."

Ọ̀yà wo Rẹ̀mílẹ́kún, tó ń gé eèsún lẹ́bàá omi, tí ohùn eyín rẹ̀ ń dún ṣáákáṣá.

"Ẹ sọ fún ọba pé ẹnu mi wà ní pípadé. Kó kà mí bó ṣe kà mí nígbà yẹn."

Akàn dúró. Ó wo ọ̀nà tó gbà wá, ó wo omi. Lẹ́yìn náà, ó rọra wọ inú omi, kò sì padà sísàlẹ̀ mọ́.