Ẹni Méjì Ló Wọ Inú Táǹkì

1.

…tí kò ro ti ara rẹ̀ kó tó wọ inú táǹkì lọ yọ òṣìṣẹ́ kan. Ìdí nìyí tí iléeṣẹ́ àti ẹbí ẹnjiníà wa tó dolóògbé fi dá Ẹ̀bùn Ẹ̀kọ́ yìí sílẹ̀ ní ìrántí rẹ̀.

(Ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà iléeṣẹ́. Èmi, ìyàwó olóògbé, ni mo kọ ọ́.)

2. OHUN TÓ JẸ́ ÒÓTỌ́ NÍNÚ RẸ̀

Ó wọ inú táǹkì.
Ó kú.
Ó fẹ́ràn àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Òótọ́ nìyẹn náà.

3.

Fọ́ọ̀mù mọ́kànlélógójì láti ọwọ́ àwọn ọmọ tó ń tọrọ ẹ̀bùn náà, lórí tábìlì tí a ti ń jẹun. Gbogbo àwọn ọmọ náà ló pe ọkọ mi ní akọni.

Àfi ẹnì kan.

4. FỌ́Ọ̀MÙ KẸTÀDÍNLÓGÚN

*Kí nìdí tí o fi fẹ́ ẹ̀bùn yìí?*

Bàbá mi ni "òṣìṣẹ́ kan" tí ẹ kọ sínú ìwé yín. Wẹ́dà ni. Òun ló kọ́kọ́ wọlé. Afẹ́fẹ́ burúkú inú táǹkì ti pa á kí ẹnjiníà tó tẹ̀ lé e wọlé. Ọdún kẹta rèé, ẹnikẹ́ni ò dárúkọ rẹ̀. Mo fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń yẹ afẹ́fẹ́ wò kí èèyàn tó wọlé. Mo sì fẹ́ mọ ẹni tó ní kí bàbá mi wọlé.

5.

Mi ò mọ̀.

6.

Irọ́ ni. Mo mọ̀.

Ọkọ mi pè mí láàárọ̀ ọjọ́ náà. Mò ń ká aṣọ lórí okùn.

"Ẹ̀rọ tí a fi ń yẹ afẹ́fẹ́ wò ti bàjẹ́, ọ̀gá sì ń kánjú. Mo ti buwọ́ lùwé pé kò séwu. Wẹ́dà ti fẹ́ wọlé."

"Ṣé kò séwu lóòótọ́?"

"Ìyá Ìbejì! Táǹkì tó ti ṣófo láti ìjẹta?"

Ó rẹ́rìn-ín. Mo bá a rẹ́rìn-ín.

7. ÌPÀDÉ ÌGBÌMỌ̀ (mo gbà á sórí fóònù)

Ẹ̀GBỌ́N ỌKỌ MI: Ìyàwó, yọ fọ́ọ̀mù yẹn kúrò.
ÈMI: Òun ló mọ̀wé jù nínú wọn, bọ̀ọ̀dá mi.
Ọ̀GÁ ILÉEṢẸ́: Inú ló ń bí ọmọ yẹn, mà. Ibí kì í ṣe ilé ẹjọ́.
ÈMI: Ta ló ń kánjú lọ́jọ́ náà, sà?
Ẹ̀GBỌ́N ỌKỌ MI: Ẹyin lọ̀rọ̀ o. Àwọn ọmọ rẹ ló ń jẹ́ orúkọ bàbá wọn. Ṣé ìwọ lo máa fọwọ́ ara rẹ ba orúkọ náà jẹ́?

8. ÌPINNU

Fọ́ọ̀mù kẹtàdínlógún kò kún ojú òṣùwọ̀n.

Ẹni mẹ́ta ló buwọ́ lù ú. Tèmi ló gbẹ̀yìn.

9. ÀTẸ̀JÍṢẸ́

ỌMỌ WẸ́DÀ: Ẹ káàsán, mà. Mo ti rí ìpinnu yín. Ẹ ṣé tí ẹ kà á. Màámi kàn ní kí n bi yín bóyá ẹ mọ nǹkan kan.
ÈMI: Ọmọ mi, ọkọ mi ló
(Mo pa á rẹ́.)
ÈMI: Níbo lẹ ń gbé?
ỌMỌ WẸ́DÀ: Ẹ̀yìn iléeṣẹ́, mà. Ilẹ̀kùn irin aláwọ̀ ewé. Bàbá mi ló ṣe é.

10.

Ilẹ̀kùn náà gún régé. Ojú ibi tó ti jó irin pọ̀ tẹ́jú bí ẹni fọwọ́ pa á.

Mo kàn án.

"Ta nìyẹn?" Ohùn obìnrin àgbà ni, ìyá rẹ̀ ló máa jẹ́, kì í ṣe ti ọmọ.

Mo la ẹnu.

"Ta ni o?"